Èsì: Ara ni, kì í ṣe ère (ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún tẹ́ḿpìlì Jagannath)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ lórí tẹ́ḿpìlì Puri yìí, mo kàn dákẹ́ ni, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń to àkójọ ọ̀rọ̀ jọ wá kọ ọ́ pé "ère" la ó máa pe Jagannath, òrìṣà ibẹ̀, pé "ẹbọ" ni oúnjẹ ibẹ̀, "kẹ̀kẹ́ ẹṣin" ni ohun tí wọ́n fi ń gbé e jáde, tí àbúrò kan sì fèsì pé ká kúkú fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń pè é, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, inú Bíbélì lẹ ti kó púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ ojú tí Bíbélì fi ń wo ère. Àbúrò, tá a bá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí la wá ń bára wa jiyàn sí níbí? Tèmi ni pé ká wo ohun tí àwọn èèyàn Puri ń ṣe sí nǹkan kọ̀ọ̀kan, ká wá torí ìyẹn fún un lórúkọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa dé: etí òkun ni Puri wà, ní ìpínlẹ̀ Odisha, lápá ìlà oòrùn Íńdíà. Ọba Anantavarman Chodaganga ló bẹ̀rẹ̀ ilé òkúta tó wà níbẹ̀ báyìí ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, ṣóńṣó orí ẹ̀ ga tó mítà 65, ojoojúmọ́ sì ni ẹnì kan láti ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún ń gun ún lọ pààrọ̀ àsíá láìso okùn kankan mọ́ra. Àwọn mẹ́ta ló jókòó nínú ilé: Jagannath tó dúdú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Balabhadra tó funfun, àti àbúrò wọn obìnrin Subhadra, aláwọ̀ yẹ́lò. Igi ni gbogbo wọn. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pe ilé yẹn ní Bada Deula, ìyẹn ilé òrìṣà ńlá, torí náà "ilé òrìṣà" ò burú, "tẹ́ḿpìlì" náà ò burú, "ilé ìbọ̀rìṣà" ni mi ò fẹ́ o jàre, ohùn oníwàásù lóko ló ń dún létí mi tí mo bá gbọ́ ọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ère, ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọba kan wà, Indradyumna, ọba ilẹ̀ Malwa, ó gbọ́ pé òrìṣà kan tó ń jẹ́ Nila Madhava wà níbì kan nínú igbó, ó bá rán àlùfáà kan, Vidyapati, pé kó lọ wá a rí. Vidyapati rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Vishvavasu, olórí àwọn Sabara, àwọn ọmọ onígbó, ó fẹ́ Lalita ọmọ ẹ̀, ìyàwó ló sì bẹ bàbá ẹ̀ títí tí bàbá fi gbà láti mú àna débi òrìṣà, àmọ́ wọ́n á fi aṣọ dì í lójú. Ọkùnrin yìí di èso mọ́sítádì sọ́wọ́, ó ń gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, òjò rọ̀, ó hù, ọ̀nà hàn kedere. (Àna burúkú nìyẹn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.) Nígbà tí ọba fi máa dé, òrìṣà ti pòórá. Wọ́n wá fi hàn án lójú àlá pé gẹdú kan ń bọ̀ lórí òkun. Gẹdú dé, irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kankan ò ràn án, àfìgbà tí bàbá arúgbó kan yọjú tó ní òun á gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sáà ti òun mọ́lé fún ọjọ́ 21, kẹ́nikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn. Vishvakarma ni, oníṣẹ́ ọnà àwọn òrìṣà. Nígbà tó yá tí wọn ò gbọ́ ìró òòlù mọ́, ayaba Gundicha ní àbí bàbá ti kú sínú ilé ni, ni ọba bá ṣílẹ̀kùn. Bàbá ti lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbẹ̀ láìní ọwọ́ láìní ẹsẹ̀ gidi, bí wọ́n sì ṣe wà nìyẹn dòní.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n á ní ẹni tó gbẹ́ ẹ, gbẹ́gilére ni, ohun tí gbẹ́gilére bá sì gbẹ́, ère ni. Ó dáa. Ẹ bá mi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Nabakalebara, ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ igi tuntun rọ́pò ti àtijọ́. "Naba" ni tuntun, "kalebara" ni ara, kò sí ère níbẹ̀ rárá. Ọdún tí oṣù Ashadha bá wá lẹ́ẹ̀mejì nínú kàlẹ́ńdà wọn ló máa ń bọ́ sí, ọdún 1977, 1996 àti 2015 ni mẹ́ta tó sún mọ́ wa. Igi neem ni wọ́n ń wá, dóńgóyárò yẹn gan-an tí ẹ̀yin náà ti sè mu nítorí ibà, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ bá ṣáà rí létí títì o. Èyí tó máa di Jagannath, èèpo ẹ̀ á dúdú, á ní ẹ̀ka mẹ́rin pàtàkì, á wà nítòsí odò àti ibi tí wọ́n ti ń sun òkú, ejò á ní ihò nídìí ẹ̀, ẹyẹ ò ní kọ́ ìtẹ́ sórí ẹ̀. Tí wọ́n bá gbẹ́ ti tuntun tán, ní òru ọjọ́ kan, wọ́n á paná gbogbo ìlú, àwọn tó ń ṣe é á di ojú ara wọn, wọ́n á fi aṣọ wé ọwọ́ kí wọ́n má baà rí i kí wọ́n má sì mọ bó ṣe rí lára, wọ́n á yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní brahma padartha, tí wọ́n gbà pé ẹ̀mí òrìṣà wà nínú ẹ̀, nínú ti àtijọ́, wọ́n á fi sínú ti tuntun. Ti àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n á sin ín. Inú ọgbà ilé òrìṣà náà ni itẹ́ òkú wọn wà, Koili Baikuntha, àwọn Daitapati, ìdílé kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sin ín á sì ṣọ̀fọ̀, wọ́n á fárí bí ẹni tí bàbá ẹ̀ kú.

Ta ló ń ṣọ̀fọ̀ ère? Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé ère ìbejì náà, à ń wẹ̀ ẹ́, à ń fún un lóúnjẹ, òótọ́ ni, ó sì fi hàn pé "ère" kì í ṣe ọ̀rọ̀ èébú lẹ́nu àwa fúnra wa tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ère ìbejì dúró fún ọmọ tó ti lọ ni. Ti Puri ò dúró fún ẹnikẹ́ni, òun fúnra ẹ̀ ló jókòó yẹn. Torí náà "ara" ni mo ní ká máa lò, kí Nabakalebara sì jẹ́ "ìgbáratuntunwọ̀", ó gùn, mo mọ̀, àmọ́ ṣebí a máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Jésù gbé ara wọ̀, ọ̀nà ti wà nílẹ̀. "Ìparadà" tí àbúrò kan dábàá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn fi Jagannath ṣe ẹni tó ń di ejò tàbí ológbò.

Àwọn Daitapati yìí náà, ẹ ní "àwòrò" ni wọ́n. Àwòrò pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ti Daitapati yàtọ̀, wọ́n ní àtọmọdọ́mọ Vishvavasu bàbá inú igbó yẹn làwọn, ẹbí òrìṣà làwọn. Lọ́dọọdún wọ́n á fi omi ìkòkò 108 wẹ Jagannath àti àwọn tó kù níta gbangba, òtútù á mú wọn, ibà á dé, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 15, àwọn Daitapati yìí ló máa ń dúró tì wọ́n pẹ̀lú àgbo àti èso. Ẹbí ló ń tọ́jú aláìsàn, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní "ẹbí òrìṣà" kó tán síbẹ̀.

Oúnjẹ wá ńkọ́. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fi ń sè é, orí iná igi, kò sí àlùbọ́sà, kò sí aáyù, kò sí tòmátì, kò sí pòtétò (èmi ò mọ bí àwa ṣe máa ṣe é). Wọ́n á gbé e síwájú Jagannath, wọ́n á tún gbé e síwájú Bimala, abo òrìṣà tó wà nínú ọgbà kan náà, ìgbà yẹn ló tó di mahaprasad, ìyẹn oúnjẹ tí òrìṣà ti tọ́ wò, wọ́n á wá gbé e lọ sí ọjà tí wọ́n ń pè ní Ananda Bazar nínú ọgbà yẹn. Níbẹ̀, Bráhímìnì, ìdílé àlùfáà tí wọ́n kà sí gíga jùlọ, àti ẹni tí wọ́n kà sí ìdílé rírẹlẹ̀ jùlọ lè jọ jẹ ẹ́ nínú ìkòkò kan ṣoṣo, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ìdílé pínyà nídìí oúnjẹ láti ayébáyé. Ẹbọ ni ohun tó ń kúrò lọ́wọ́ wa lọ bá òrìṣà. Èyí ń ti ọ̀dọ̀ òrìṣà bọ̀ wá bá wa ni. Bí bàbá àgbà ṣe máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dá ẹran sí nínú abọ́ fún ọmọ tó wà nítòsí ló ṣe rí, "àjẹkù" ò sì tó o, torí ohunkóhun ló lè kù. Mo dábàá "àjẹdásí".

"Kẹ̀kẹ́ ẹṣin", ohun tí wọ́n fi ń gbé wọn jáde lọ́dọọdún, ò ní gbà wá lásìkò. Ẹṣin wà níbẹ̀ lóòótọ́, igi ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Èèyàn ló ń fi okùn fà á, bíi kìlómítà mẹ́ta sí ilé òrìṣà Gundicha, ti Jagannath ní táyà onígi 16, ti Balabhadra 14, ti Subhadra 12, tuntun ni wọ́n ń kàn lọ́dọọdún, kó tó gbéra, ọba Puri fúnra ẹ̀ á gba ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi wúrà ṣe ọwọ́ ẹ̀, á gbá ilẹ̀ ibẹ̀ bí ìránṣẹ́. "Ọkọ̀ àfokùnfà" ti tó. Àwọn Òyìnbó rí i, wọ́n sọ ọ́ di Juggernaut, ohun tó ń tẹ èèyàn pa, ẹ wo ohun tí àlejò lè fi orúkọ ẹni ṣe.

Darshan, ìyẹn lílọ rí òrìṣà sójú, nìkan ló kù. Ẹni tí kì í ṣe Híńdù ò gbọ́dọ̀ wọlé, ìdí nìyẹn tí àwòrán Jagannath kan, Patitapaban, fi wà lẹ́nu géètì kìnnìún, kí ẹni tó wà níta lè rí i. Kì í ṣe pé o lọ wò ó nìkan, òun náà ń wò ọ́, ojú ńlá roboto yẹn ò sì ní ìpéǹpéjú. "Ìfojúrinjú" bá a mu dáadáa, mi ò rò pé a nílò ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "ère" yẹn kẹ́ ẹ tó fi àkójọ náà ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ta kú pé ère ni, ẹ bá wa kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa lò fún ìsìnkú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ká lè rí i bí méjèèjì ṣe máa jókòó pọ̀.