Ó ń rẹ̀ mí ṣáá, oorun ò gbà á

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará Òṣogbo ẹ jọ̀ọ́, ó ti lé lóṣù mẹ́jọ tó ti ń rẹ̀ mí, tí mo bá fi lè lọ Ọjà Ìgbọ̀nà lónìí, ọ̀la àtọ̀túnla mi ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n wá ní ọ̀lẹ ni mí.

Àǹtí Aláṣọ: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kì í ṣọ̀lẹ o. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì.

Bọ̀dá Táíwò: ME/CFS, ìyẹn àìsàn àárẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀, ni wọ́n pe tèmi, iṣẹ́ tòní lè gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24. Mo máa ń dáwọ́ dúró kó tó rẹ̀ mí, mo ń jókòó gé ẹ̀fọ́. Ọjọ́ tára bá yá gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra, ẹ má fọ gbogbo aṣọ ilé lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì: Hà, ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn! Ẹ ṣé, Mọ́ńdè ni màá lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì.