Èsì sí àbá lórí «asọ̀rọ̀mágbèsì»

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Àbá tí ó wà níwájú wa ni pé kí a sọ «asọ̀rọ̀mágbèsì», tí gbogbo wa mọ̀ sí rédíò, di orúkọ kan ṣoṣo fún ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣàn àti ìkànnì ayélujára, nígbà tí a bá ń kọ̀wé lórí ipa wọn nínú ìjọba àwarawa. N kò fara mọ́ àbá náà. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò dára; ó bá rédíò ayé ìjọba amúnisìn mu ju bí ó ti yẹ lọ. Àpótí tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé àwọn ará Èkó láti 1935 kò ní ju ohùn kan lọ, ọwọ́ ìjọba amúnisìn ni ohùn náà sì wà.

Ẹ wo 1953. Lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group àti NCNC bínú jáde nílé ìgbìmọ̀ nítorí àbá Anthony Enahoro pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu Action Group. Awólọ́wọ̀, olórí Action Group, béèrè ààyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ fún un. Nígbà tí òfin 1954 fún àwọn ẹkùn ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kò jáfara, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn rẹ̀, WNTV, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, 1959. Inú «mágbèsì» yẹn gan-an ni tẹlifíṣàn Ìbàdàn ti ṣẹ̀.

Bí a bá wá fi orúkọ yìí pe gbogbo wọn, a ti dá wọn lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ará ìlú ń tẹ rédíò láago láti bi kọmíṣọ́nnà léèrè owó ọ̀nà. Èsì ni ìyẹn. «Ilé-iṣẹ́ ìròyìn» tí àwọn kan dábàá kò tó pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ Macpherson kì í ṣe ìròyìn rárá.

Ohun tí èmi dábàá ni «afọ̀rọ̀kárí»: ohun tí ń fi ọ̀rọ̀ kárí ìlú. Kò sọ pé èsì wà, kò sì sọ pé kò sí. Òǹkọ̀wé ni yóò sọ èyí tí ó rí.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ náà ti fẹ̀ jù, àti pé a ó pàdánù ìkìlọ̀ tí ó wà nínú ti àtijọ́. Àtakò gidi ni. Níní ilé-iṣẹ́ tẹni kò sọ pé alátakò ẹni yóò ráyè fèsì níbẹ̀: ní 1965, lẹ́yìn ìbò tí ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìbọn ni ẹnìkan gbé wọ ilé rédíò Ìbàdàn kí ó tó lè fi téèpù mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀. Nítorí náà, kí «asọ̀rọ̀mágbèsì» má parẹ́. Kí a fi í sílẹ̀ fún afọ̀rọ̀kárí tí kò bá gba èsì, ì báà ṣe ti ìjọba, ì báà ṣe ti olówó.