Ọwọ́ mi ń hàn lára ọmọlangidi Ìjàpá, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, èmi àtàwọn ọmọ àdúgbò la jọ ń fi fóònù ṣe fíìmù àlọ́, àwọn ọmọ ń ṣeré fúnra wọn ṣùgbọ́n ọmọlangidi tí mo fi fóòmù rán ni Ìjàpá, ọwọ́ mi ló wà nínú ẹ̀ tó ń la ẹnu. Ibi tó ti há ni ibi tí ọmọbìnrin ọdún 7 kan ti fún Ìjàpá lẹ́kọ jẹ tó sì dì mọ́ ọn, apá mi ń hàn ketekete. Mo wọ ìbọ̀wọ́ gíríìnì, mo lo chroma key (ohun tó ń yọ àwọ̀ kan ṣoṣo kúrò nínú fídíò) inú CapCut, áàpù tí mo fi ń tún fídíò ṣe, ó yọ apá mi lóòótọ́ àmọ́ ó yọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn wa àti ewé ẹ̀kọ náà mọ́ ọn, ihò ló kù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò fẹ́ sá sẹ́yìn tábìlì, torí ọmọ yẹn gbàgbọ́ pé Ìjàpá ń gbọ́ òun, ó máa ń kí i pé ó dàárọ̀ kó tó lọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, tí mo bá gbé fóònù sójú kan tí mo kọ́kọ́ ya ibẹ̀ lófìfo, báwo ni mo ṣe máa fi ìyẹn bo apá mi láìgé òjìji ọmọ náà sí méjì?