Ìdìbò Íńdíà: kí ló dé tí ìdìbò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí kíkà rẹ̀ sì parí lọ́jọ́ kan?

Akọ̀wé Abúlé:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ìdìbò Íńdíà ni mo bá wá. Ti 2024, ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò, ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni wọ́n parí. Àmọ́ ìbò tó lé ní 640 mílíọ̀nù yẹn, ọjọ́ kan péré, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ni wọ́n fi kà á. Ibo ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi dìbò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà ní gbogbo ìgbà yẹn, ta ló sì ń ṣọ́ ọ? Ṣé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ̀rọ náà ń gbà fi èsì ránṣẹ́ ni? Kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n yí i? Paríparí rẹ̀, ẹgbẹ́ BJP kò ní ìdajì àga ilé aṣòfin, báwo ni Modi ṣe tún di olóòtú ìjọba? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òṣèlú ilé wa da ọ̀rọ̀ rú. Bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́hùn-ún gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Àgbà Òǹkàwé:
O kú iṣẹ́, Akọ̀wé.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń mú ìdìbò wọn pẹ́, agbófinró ni. Abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà, ẹgbẹ́ alátakò kì í sì í fọkàn tán wọn. Nítorí náà, àjọ elétò ìdìbò wọn, ECI, máa ń kó àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Ibùdó ìdìbò lé ní mílíọ̀nù kan. Agbófinró náà ò pọ̀ débi tí wọ́n á fi wà níbi gbogbo lọ́jọ́ kan náà. Ibi tí kò bá sí wàhálà á tètè parí: ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, tó ní àga 39, dìbò tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Uttar Pradesh, Bihar àti West Bengal ní tiwọn pín in sí ìpele méje.

Wọn kì í ka ìbò ìpele kankan kí gbogbo rẹ̀ tó parí, torí bí èsì Tamil Nadu bá jáde nígbà tí Bihar ò tíì dìbò, ẹni tó kù á kàn máa sáré tẹ̀lé ẹni tó ń wọlé ni. Òfin tilẹ̀ ka á léèwọ̀ kí oníròyìn béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti dìbò ẹni tí wọ́n dìbò fún, kó sì gbé e jáde, kí ìpele tó gbẹ̀yìn tó parí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ Tamil Nadu fi lo ọjọ́ 46 nínú yàrá tí wọ́n fi èdìdì dì. Agbófinró àpapọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Olùdíje lè fi èdìdì tirẹ̀ kún ti ìjọba, ó sì lè yan èèyàn tí á máa sùn síta níbi tó ti ń rí ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ tó bá ṣọ̀lẹ níbí, kó má pariwo lọ́jọ́ kíkà.

Ẹ̀rọ náà gọ̀, ó sì yẹ kó gọ̀. Apá mẹ́ta ló ní. Ẹ̀rọ ìdarí wà lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ ìdìbò, tó ní bọ́tìnnì búlúù 16, wà lẹ́yìn ìbòjú. Ẹ̀kẹta ni VVPAT tó ń tẹ ìwé pélébé. Wáyà ló so wọ́n pọ̀, bátìrì ló ń gbé wọn ṣiṣẹ́. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí Bluetooth, kò sì fi èsì ránṣẹ́ síbì kankan. Ilé iṣẹ́ ìjọba méjì ló ń ṣe é: BEL ní Bengaluru, ECIL ní Hyderabad. Bí olùdíje bá ju 15 lọ, wọ́n á so ẹ̀rọ ìdìbò mìíràn mọ́ ọn, torí bọ́tìnnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti NOTA, ìyẹn “n ò fẹ́ ìkankan nínú yín”.

Bí olùdìbò bá wọlé, òṣìṣẹ́ kìíní á wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, á pè é sókè kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ lè gbọ́. Ẹni tó ní káàdì ìdìbò àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé kò ní dìbò. Òṣìṣẹ́ kejì á fi tàdáwà sí ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀. Mysore ni wọ́n ti ń ṣe tàdáwà yìí láti 1962. Kẹ́míkà fàdákà tó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣeé fọ̀. Olùdìbò á fọwọ́ sí ìwé tàbí kó tẹ̀ka. Òṣìṣẹ́ kẹta á wá tẹ bọ́tìnnì “Ballot” lórí ẹ̀rọ ìdarí. Àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀rọ ìdìbò á tó gba ìbò, ẹyọ kan péré. Olùdìbò á tẹ ẹni tó fẹ́, iná pupa á tàn, ìwé pélébé tó ní nọ́ńbà, orúkọ àti àmì olùdíje á yọ lẹ́yìn gíláàsì VVPAT fún ìṣẹ́jú-àáyá méje, á já sínú àpótí, ẹ̀rọ á sì dún. Bó bá tún tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ara ẹ̀ ló ń yọ lẹ́nu.

Bí ìdìbò bá parí, òṣìṣẹ́ tó jẹ́ olórí ibùdó á tẹ “Close”, ẹ̀rọ ò ní gba ìbò kankan mọ́. Á wá kọ Fọ́ọ̀mù 17C: nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, iye ìbò tó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà èdìdì. Dandan ni kó fún aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà. Ìwé yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ìbò gan-an, ju ẹ̀rọ lọ.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, Àgbà. Òótọ́ lẹ sọ nípa 17C. Àmọ́ ẹ gbójú fo ibi tí wàhálà ti ń wá jù, ìyẹn aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀.

Ìṣẹ́jú 90 kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò ìdánwò, ó kéré tán ìbò 50, kí bọ́tìnnì olùdíje kọ̀ọ̀kan àti ti NOTA jẹ nínú rẹ̀, lójú àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tẹ̀léra: “Close”, “Result”, àti “Clear” tó ń pa ìbò ìdánwò rẹ́. Wọ́n á ka ìwé pélébé inú VVPAT kí wọ́n rí i pé ó bá èsì mu, wọ́n á lù wọ́n ní òǹtẹ̀ ìdánwò lẹ́yìn, wọ́n á kó wọn sínú àpòòwé dúdú, wọ́n á dì í pa. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fi èdìdì sí ẹ̀rọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olórí ibùdó gbàgbé “Clear”, tàbí kó pa ìbò ìdánwò rẹ́ nínú ẹ̀rọ ìdarí, kó gbàgbé ìwé pélébé sínú VVPAT. Bí àpẹẹrẹ, èèyàn 600 ló fọwọ́ síwèé, àmọ́ lọ́jọ́ kíkà ẹ̀rọ ń pe 650. Gbogbo ayé á máa pariwo pé wọ́n ti jí ìbò, bẹ́ẹ̀ ìbò ìdánwò ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi ju ẹnì kejì lọ bá pọ̀ ju gbogbo ìbò inú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á pa wọ́n tì. Bí kò bá jù ú lọ, ìwé pélébé ni wọ́n á kà.

Bí ẹ̀rọ bá kú láàárín ìdìbò, ẹ kíyè sí èyí: bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìdarí tàbí ẹ̀rọ ìdìbò ló kú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa pààrọ̀, wọ́n á tún dìbò ìdánwò, ẹyọ kan fún olùdíje kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ VVPAT nìkan, òun nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀. Èyí tó kú tún ní ìbò tirẹ̀ nínú, wọ́n á kà á mọ́ tuntun. VVPAT ló máa ń ṣàìsàn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lù ú tààrà máa ń da ojú rẹ̀ rú. Nínú ìdìbò tí wọ́n fi dí àga tó ṣófo ní ẹkùn Kairana ní oṣù karùn-ún 2018, ibùdó 73 ni wọ́n ní kó tún ìbò dì, àjọ náà sì di ẹ̀bi ru ìmọ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí ìbòjú wà lábẹ́ gílóòbù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ní ti kí wọ́n yí ẹ̀rọ: ohun tí àjọ náà máa ń sọ ni pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ ò lè mọ bọ́tìnnì tó máa kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n àyè kan. Lẹ́tà orúkọ olùdíje ni wọ́n fi ń tò wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ṣáájú, àwọn kéékèèké tẹ̀lé e, àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ gbẹ̀yìn. Nítorí náà, òdòdó tó jẹ́ àmì BJP lè wà ní nọ́ńbà 1 níbí, kó wà ní nọ́ńbà 4 lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ̀ǹpútà sì ń da ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra lójú àwọn ẹgbẹ́ kí wọ́n tó pín wọn: àkọ́kọ́ sí ẹkùn, ìkejì sí ibùdó.

Àmọ́ VVPAT gbọ́dọ̀ mọ àmì àwọn olùdíje kó tó lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ṣe àmì náà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré kan gbé e wọ inú VVPAT, lẹ́yìn tí orúkọ olùdíje ti dájú. Ibí ni àwọn tó ń ṣàtakò ń tọ́ka sí, mi ò sì rò pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kọ̀ láti ní kí wọ́n ka gbogbo ìwé pélébé. Àmọ́ wọ́n pàṣẹ kí wọ́n di ẹ̀rọ kékeré yẹn lẹ́dìídì fún ọjọ́ 45. Ẹni tó ṣe ipò kejì tàbí ìkẹta lè bèèrè, láàárín ọjọ́ méje, kí ẹnjiníà yẹ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ wò, lówó ara rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n fọwọ́ kàn án, owó á padà.

Lọ́jọ́ kíkà, ìbò tó gba ọ̀dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń ṣáájú, ní aago mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìdarí á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìdarí nìkan ni wọ́n ń gbé wá sórí tábìlì, ó sábà máa ń jẹ́ tábìlì 14 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn aṣojú á wo èdìdì, wọ́n á fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wé 17C ọwọ́ wọn, wọ́n á tẹ “Result”, ó tán. Ìdí tí 640 mílíọ̀nù fi lè parí lọ́jọ́ kan nìyẹn: nọ́ńbà ni wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀, wọn ò ka pépà. Níkẹyìn, wọ́n á fi ìbò gègé mú ibùdó márùn-ún nínú apá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín ẹkùn sí, wọ́n á ka ìwé pélébé wọn lọ́wọ́. Bí ìwé àti ẹ̀rọ ò bá bára mu, ìwé ló lékè. Márùn-ún kéré lójú tèmi, ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí láti 2019 nìyẹn.

Ọmọ Ẹkùn:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti Modi, torí ibẹ̀ ló ti máa ń ṣi ẹni tó mọ bá a ṣe ń yan ààrẹ ní Nàìjíríà lọ́nà. Kò sí ará Íńdíà kankan tó tẹ̀ka fún olóòtú ìjọba. Aṣòfin ẹkùn tirẹ̀ nìkan ló ń yàn, ẹkùn 543, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìbò kan ló fi jù. Ààrẹ á wá pe ẹni tó lè kó aṣòfin 272 jọ. BJP ní 240 ní 2024, wọ́n ti ní 303 ní 2019. Àjọṣepọ̀ wọn ló kún un dé 293. Ẹgbẹ́ TDP ti ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh mú 16 wá, JD(U) ti Bihar mú 12. Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ni Modi búra.

Ìjọba alájọṣepọ̀ dà bí aṣọ àjọrán: ẹnì kan fà á, ó fàya. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1999, Vajpayee, olóòtú ìjọba ìgbà náà, ní kí ilé dìbò bóyá wọ́n ṣì gba tòun. Ìbò 269 sí 270. Ìjọba ṣubú nítorí ẹyọ kan.

Kò pọn dandan kí olóòtú ìjọba ti inú ilé yìí wá. Manmohan Singh fi ọdún mẹ́wàá ṣe é, 2004 sí 2014, ilé àgbà Rajya Sabha ló jókòó sí. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan ilé àgbà, yàtọ̀ sí àwọn 12 tí ààrẹ ń fi síbẹ̀.

Ẹ má sì bínú sí aṣòfin wọn tó bá ń ṣe bí ẹni tí kò lẹ́nu. Òfin 1985 ní kí ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà ìdìbò nínú ilé pàdánù àga rẹ̀. Àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ náà bá jọ dà pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn.

Akọ̀wé Abúlé:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ dákun, ẹyọ kan ló kù. Bí mo bá dé ibùdó, tí wọ́n ní ẹnìkan ti fi orúkọ mi dìbò ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, wọn ò gbọ́dọ̀ lé ọ. Sọ fún olórí ibùdó pé ìbò àfirọ́pò lo fẹ́ dì. Bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè tí ó sì dá a lójú pé ìwọ ni, á fún ọ ní pépà ìdìbò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wàá sàmì sí i, á wọ àpòòwé ọ̀tọ̀. Wọn ò ní kà á lọ́jọ́ kíkà o, àfi bí ẹnìkan bá gbé èsì lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ láàárín ọjọ́ 45, tí adájọ́ sì ní kí wọ́n ṣí i. Níbi tí ìbò kan tàbí méjì bá ti ya olùdíje méjì sọ́tọ̀, àpòòwé yẹn lè gbàjọba. Ní 2008, ìbò kan ni C. P. Joshi fi pàdánù ní Nathdwara, ìpínlẹ̀ Rajasthan.

Àgbà Òǹkàwé:
Aṣojú ẹgbẹ́ tún lè dá ayédèrú olùdìbò dúró kó tó dé ẹ̀yìn ìbòjú. Rúpìì méjì ló máa san fún olórí ibùdó kó tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, á gba rúpìì méjì rẹ̀ padà, ayédèrú náà á sì bá ọlọ́pàá lọ. Bó bá ṣe pé ó kàn fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu ni, ìjọba ti jẹ owó náà nìyẹn.