Ọmọ méjì ń ṣàìsàn nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì mi ní Tánkẹ, Ìlọrin, àwọn yòókù ní kí n lé wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Onílé Tánkẹ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mi ò fojú ba oorun lánàá.

Ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kó tó dolóògbé ni mo fi ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Yàrá 16, ọmọ méjì méjì nínú yàrá kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin, ilé ìdáná kan, kànga ẹ̀rọ kan. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020 tí wọ́n ti ti iléèwé pa nítorí kòrónà, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì sì tún fà á gùn títí di oṣù Kejìlá, ṣe ni ilé náà dá páropáro. Nígbà tí àwọn ọmọ padà dé lóṣù Kìíní ọdún 2021 yìí, mo gbé ike omi àti ọṣẹ sí ẹnu géètì, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé láìlo ìbomú.

Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ní yàrá 9 bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A ní ọyẹ́ ni. Lánàá, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní òun ń yan ẹja gbígbẹ lórí iná, òun ò gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, gbogbo ilé ti gbọ́. Nígbà tó di alẹ́, àwọn bíi mẹ́wàá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi: "Màmá, ẹ lé wọn lọ sílé wọn lọ́la, àbí kẹ́ ẹ dá owó wa padà ká kó jáde." Àbúrò mi obìnrin wà lẹ́yìn wọn. Ó ní ọmọ 30 ju ọmọ méjì lọ.

Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ tó ń wúkọ́ yẹn wà ní Òmù-Àrán, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àtọ̀gbẹ sì ń bá a jà. Ilé yẹn náà lọmọ ń lọ bí mo bá lé e.

Ó ku ọ̀kan tó ń dùn mí jù. Ara ọmọbìnrin kan ní yàrá 3 gbóná lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Màmá, mo rántí ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ tá a dé." Ohun tí mo sọ nìyí: ẹni tó bá kó kòrónà wọ ilé mi, ẹrù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ilé ni o.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Alágbado

Màmá, ẹ kú àìsùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ẹ má lé wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bí kòrónà bá wọ ara èèyàn lónìí, ó lè tó ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá kó tó hàn. Ọ̀pọ̀ ni tiwọn máa ń hàn ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ẹni náà ti lè máa kó o ran ẹlòmíì kó tó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn mẹ́wàá tó wá bá yín lálẹ́ àná ti bá wọn dáná pọ̀, wọ́n ti jọ fa omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Lílé tí ẹ bá lé méjì kò lé àìsàn kúrò nílé. Ọmọ yẹn yóò wá wọkọ̀ ní gáráàjì Ọ̀fà, wọn yóò há mọ́ra wọn títí dé Òmù-Àrán, yóò sì bá bàbá rẹ̀ jókòó jẹun.

Lónìí yìí, ẹ pe NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà wọn lọ́dún 2021 yìí ni 0800 9700 0010, wọn kì í gba owó lórí ìpè náà. Wọn yóò sọ bí àyẹ̀wò yóò ṣe wáyé. Tó bá di pé kí wọ́n gba ìtọ́jú, ilé ìwòsàn Sóbì níbí ni wọ́n ń kó wọn wá. Ẹ má dúró de èsì kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan o, nítorí ó lè pẹ́.

Kí àwọn méjèèjì dúró sí yàrá 9, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ń mú, kí wọ́n fi aṣọ bora. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ni àkọ́kọ́ ààbò, ó ṣe pàtàkì ju fífi omi ọṣẹ nu géètì lọ. Ẹ ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn. Kí ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kó kúrò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìlànà ọdún 2021 yìí ni pé kí wọ́n dá wà, ó kéré tán, fún ọjọ́ mẹ́wàá láti ìgbà tí àìsàn ti hàn, kí ọjọ́ mẹ́ta tí kò sí ara gbígbóná tàbí ikọ́ mọ́ sì tún lé e. Nínú ìlànà yẹn náà, àwọn tó ti sún mọ́ wọn gan-an, ọjọ́ 14 ni kí wọ́n fi ṣọ́ ara wọn, kí wọ́n má sì lọ kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ibà (màlaríà) fún ọmọ yàrá 3. Àmọ́ tí àyẹ̀wò bá ní ibà ni, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe kòrónà. Èèyàn lè ní méjèèjì pọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù: bí ẹnikẹ́ni bá ń mí gúlegúle, tí àyà ń dùn ún, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ ju ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ má jiyàn, ilé ìwòsàn ni. Afẹ́fẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan máa ń lọ sílẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ò sì ní mọ̀ ọ́n lára.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀fà

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ní ikọ́ fée (ásímà), Tánkẹ yẹn náà ló ń gbé. Tó bá jẹ́ ilé màmá yìí ló wà, ṣé kí n jókòó sí Ọ̀fà kí n máa retí? Bí àwọn ọmọ ṣe bínú, mo rí i bí ẹ̀rù òbí.

Nọ́ọ̀sì Alágbado

Bàbá, ẹ̀rù yín tọ́. Kí ọmọ tó ní ikọ́ fée, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, sọ ọ́ fún màmá ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n fún un ní yàrá tó jìnnà jù sí ti àwọn aláìsàn, kó sì ní oògùn tó ń fà símú lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Kó má dáná lásìkò tí èrò pọ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn ní yàrá 9 kò léwu fún ọmọ yín tó ẹni tó ń ṣàìsàn ní yàrá kejì tó ń fi pamọ́.

Ọmọ Ọdún Kẹrin

Màmá, ẹ ṣe é tẹ́ ẹ sọ òdodo. Mo ń gbé ní Òkè-Odò. Nílé tiwa, ọmọkùnrin kan sọ fún wa pé òun ò gbọ́ òórùn. Láàárín wákàtí kan wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí "Kòró". Wọ́n kó ìkòkò rẹ̀ síta. Ó kó lọ lóru. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wúkọ́ nílé wa, á lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn ṣe.

Ẹ pe gbogbo wọn síta, sí gbangba, kí olúkúlùkù yàgò fún ara wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lójú ara wọn pé ọ̀rọ̀ ẹrù tó máa jáde yẹn, ẹ ti fà á padà. Tí ẹ ò bá fi ẹnu yín sọ ọ́, wọn ò ní gbà gbọ́. Kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà ẹnì kan sílẹ̀ tí wọ́n lè pè. Kó má jẹ́ àwọn olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ máa ń tàn án kálẹ̀.

Ẹ tún bá wọn sọ̀rọ̀ lórí gààrí tí wọ́n jọ ń mu. Abọ́ kan, ọmọ mẹ́rin, ṣíbí kan tó ń yípo. Ibẹ̀ gan-an ni.

Awakọ̀ Kòròpẹ́

Ẹ má fi kòròpẹ́ gbé wọn lọ Sóbì o. Mo ń bẹ̀ yín. Bí a bá kó èrò láti Tánkẹ lọ sínú ọgbà iléèwé, mo máa ń ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, àwọn èrò á ní eruku ọyẹ́ ń wọlé, wọ́n á tì í. Kí àwọn tó ní ọkọ̀ tó yẹ wá gbé wọn.

Nọ́ọ̀sì Alágbado

Ẹ ṣeun, bàbá. Òótọ́ ni, ẹ béèrè ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá pè wọ́n.

Alfa Ìta

Àsàlámù àlékùmù. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa pé bí àjàkálẹ̀ bá wà nílùú kan, ká má wọ ibẹ̀, bó bá sì bá wa níbi tá a wà, ká má sá jáde. Ẹ ka èyí fún àwọn ọmọ tó jẹ́ mùsùlùmí nínú wọn. Ẹ tún sọ fún wọn kí olúkúlùkù ní ẹní ìkírun tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó di búútà mú. Búútà kan ṣoṣo ni mo sábà máa ń rí ní ilé akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ọwọ́ ló ń lọ síbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́bẹ̀

Mo ń tajà nítòsí Sanrab ní Tánkẹ. Mo lè máa bá yín gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ọmọ méjèèjì wá láràárọ̀, kẹ́ ẹ san owó èròjà nìkan. Àgbo tí àwọn kan ń se nítorí kòrónà, kí àwọn ọmọ má bo orí mọ́ ìkòkò rẹ̀ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe é, omi gbígbóná bó o lójú.

Nọ́ọ̀sì Alágbado

Ẹ kú làákàyè, ìyá. Màmá, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ bílíìṣì. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára páálí rẹ̀, ife kan sínú ife omi 34 tó fún ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé, èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn. Ọṣẹ lásán tó fún ọwọ́. Ọ̀rá ló bo kòkòrò náà lára, ọṣẹ a sì tú u ká, bí èèyàn bá fọ̀ ọ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ìyá Onílé Tánkẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́hun á gbọ́ tiyín. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Yàrá 9 wà níbẹ̀, fèrèsé ṣí, mo ti fún wọn ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Mo bá bàbá Òmù-Àrán sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sunkún díẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ọmọ òun máa bọ̀ síbẹ̀.

Mo pe àwọn ọmọ síta ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn, èmi ni mo ṣì í sọ, kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n dákẹ́. Ọmọ méjì nínú àwọn mẹ́wàá ṣì fẹ́ gba owó wọn, màá dá a padà. Àwọn tó kù ní àwọn ò lọ mọ́. Lẹ́yìn tá a tú ká, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi dún. Ọmọ yàrá 12 ni, ẹni tí mi ò fọkàn sí rárá. Ó ní ọ̀fun ti ń dun òun láti àná.

Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n fi òun náà sí yàrá 9, àbí kí n ṣí yàrá ìkẹ́rù mi fún un? Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ó ń ṣí.

Nọ́ọ̀sì Alágbado

Yàrá ìkẹ́rù, màmá. Kò tíì dájú pé ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ẹ kó ẹrù jáde lálẹ́ yìí, mò ń bọ̀ wá wò ó láàárọ̀.