Oṣù márùn-ún, fọ́nrán 24, kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan: ṣé kí n jáwọ́ ni?

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ọkàn mi ti rẹ̀ pátápátá. Láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo ti ń ṣe fọ́nrán tí mo fi ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè tún ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ṣe fúnra wọn: bí a ṣe ń tú ilé bọ́bìn, bí a ṣe ń dẹ okùn tó le jù, àti ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń ṣẹ́ lemọ́lemọ́. Fọ́nrán 24 ni mo ti gbé sórí YouTube. Òru ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀, bí mo bá sì ti fẹ́ parí tí ajá aládùúgbò mi bá gbó, àfi kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n wò jù nínú wọn, ìgbà 61 péré ni wọ́n wò ó. Síbẹ̀, èyí kò dùn mí tó bí wọ́n ṣe dákẹ́. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó kọ "ẹ kú iṣẹ́" sí abẹ́ ìkankan. Àbúrò mi ọkùnrin, tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ń sọ pé òun ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ rí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Kí ni ẹ̀yin fi ń ki ara yín láyà?

Káfíńtà Àgbà: Àbúrò, oṣù márùn-ún kò tíì tó nǹkan. Ìṣòro ẹ̀yin ìwòyí ni pé ẹ fẹ́ gbìn lánàá kí ẹ sì kórè lónìí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ó bá jẹ́ owó ni ẹ ń wá, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìpolówó fún ènìyàn àfi tí olùtẹ̀lé rẹ̀ bá pé 1,000, tí àwọn òǹwòran sì ti fi wákàtí 4,000 wo fọ́nrán rẹ̀ láàárín oṣù 12.

Amọ̀ṣirò: Ó ku díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá wo fọ́nrán kúkúrú ènìyàn ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90, a lè fi ìyẹn dípò wákàtí tí ẹ wí. Láti ọdún 2023 sì ni ẹni tó ní olùtẹ̀lé 500 ti lè wọlé sínú ètò ìsanwó YouTube ní ìpele ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn láti ọwọ́ àwọn òǹwòran ni yóò lè máa gbà níbẹ̀, kì í ṣe owó ìpolówó.

Káfíńtà Àgbà: Mo mọ èyí. N kò fẹ́ kó ọ̀rọ̀ jọ lé e lórí ni.

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú: Ẹ jọ̀wọ́, n kò mẹ́nu ba owó.

Ìyá Ayàwòrán: Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí tèmi. Fọ́nrán 11 ni mo ti ṣe lórí bí a ṣe ń ya ojú ènìyàn, mo sì fi ìbínú pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi pé níbo ni èyí tí mo ti kọ́ni ní yíya etí lọ, pé òun ṣì ń lò ó lọ́wọ́. N kò rí i fún un. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ o! Ní báyìí, n kì í wo ìye òǹwòran àfi tí ọjọ́ méje bá pé, ọjọ́ kan náà ni mo sì máa ń gba fọ́nrán mẹ́ta sílẹ̀, kí n má baà máa wá agbára tuntun lójoojúmọ́.

Amọ̀ṣirò: Àtẹ kan wà nínú YouTube Studio tó ń fi ibi tí àwọn òǹwòran ti ń kúrò hàn. Kí ni ó wí nípa tiyín?

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú: N kì í fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n nítorí yín, mo wò ó. Kí ìṣẹ́jú-àáyá 40 tó pé, èyí tó ju ìdajì wọn lọ ti kúrò. Ìgbà yẹn ni mo ṣì máa ń kí wọn, tí orin mi sì ń dún. N kò rí bí ènìyàn ṣe lè wọlé tọ ènìyàn kí ó má kí i.

Amọ̀ṣirò: Ẹ fi gbólóhùn kan kí wọn. Ẹni tí okùn rẹ̀ ti lọ́ pọ̀, tí aṣọ oníbàárà sì há sábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò ráyè orin. Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án.

Káfíńtà Àgbà: Sùúrù ni ó kù. Ẹ ṣáà máa ṣe é lọ.

Ìyá Ayàwòrán: Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń ti imú bọ ògiri, ìgbà wo ni yóò wọgbà?

Òǹwòran: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kò tilẹ̀ sọ orúkọ ìkànnì yín. Ọ̀rọ̀ nípa ilé bọ́bìn ni mo fi wá a tí mo fi rí i, àlàyé yín sì yé mi gan-an. Mo fẹ́ kọ ìkíni sí abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ tì í?

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú: N kò ti ohunkóhun. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nìkan ni mo máa ń dáhùn. Bí wọ́n bá bi mí bóyá fún àwọn ọmọdé ni, "bẹ́ẹ̀ ni" ni mo máa ń tẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ àlùfààńṣá kankan nínú iṣẹ́ mi tí ọmọdé kò gbọdọ̀ gbọ́.

Amọ̀ṣirò: Háà! Wọn kò béèrè bóyá ọmọdé lè wò ó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá àwọn ọmọdé gan-an ni ẹ ṣe é fún. Ní ọdún 2019, Google àti YouTube gbà láti san 170 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ìsọfúnni àwọn ọmọdé, láti oṣù kìíní ọdún 2020 sì ni fọ́nrán tí a bá pè ní ti ọmọdé kò ti ní àyè ọ̀rọ̀ lábẹ́ mọ́. Kódà, aago tó ń kéde fún àwọn olùtẹ̀lé pé fọ́nrán tuntun dé kì í dún fún un. Ẹ̀yin ni ẹ fi ọwọ́ ara yín pa wọ́n lẹ́nu mọ́, láìmọ̀.

Káfíńtà Àgbà: Ẹ dúró ná. Èmi náà, "bẹ́ẹ̀ ni" ni mo máa ń tẹ̀.

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú: Mo ti yí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún padà, mo sì ti ṣí àyè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo pe àbúrò mi. Ó ní láti oṣù kejì ni òun ti ń wá ibi tí òun yóò kọ̀wé sí, tí òun kò rí i, òun sì rò pé èmi ni mo tì í nítorí n kò fẹ́ ariwo. Ó ti kọ̀wé sí abẹ́ ti abẹ́rẹ́ báyìí. Ó ní orin náà gùn jù.