Ata rodo mi ń kú lọ lójú fèrèsé, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Inú ata tí mo rà lọ́jà ni mo ti yọ kóró ẹ̀, mo gbìn ín sínú pọ́ọ̀tù nínú oṣù kẹta, sọ́mà tó kọjá yìí ó so mẹ́sàn-án, mo kà á dáadáa torí inú mi dùn. Ìgbà tí òtútù dé mo gbé e wọ kíṣìnì, mo gbé e sójú fèrèsé lókè hítà kó lè máa rí ooru. Ní báyìí ewé ẹ̀ ti ní àmì yẹ́lò wínníwínní, bíi pé ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ gún un kiri, ó sì ń já bọ́. Kantíkantí tún wá kún ibẹ̀, dádì àwọn ìbejì ní òun ò lè máa lé kòkòrò lórí ẹ̀bà. Omi ni mo ń bù sí i láàárọ̀ lálẹ́, mo ṣebí òùngbẹ ni. Kí ni kí n fín sí i?

Àǹtí Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Eérú ni màmá mi máa ń kù sórí ẹ̀fọ́ nílé. Tí ẹ ò bá rí eérú, mo ṣì ní òògùn kòkòrò tí mo gbé bọ̀ láti Èkó, ìdérí kan ṣoṣo nínú omi, gbogbo wọn á kú fin-ín fin-ín.

Ọmọ Èkìtì, Houston:
Háà, Àǹtí mi, ẹ dákun! Tó bá jẹ́ oní-dichlorvos yẹn ni, kẹ́míkà apakòkòrò yẹn, nílé gan-an NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré 100ml ẹ̀ lọ́jà látọdún 2019, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n fín in sórí ata tí wọ́n máa jẹ, nínú kíṣìnì tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa nítorí òtútù, pẹ̀lú ọmọ méjì. Rárá o. Eérú náà, oko tí òjò ń rọ̀ sí ló yẹ ẹ́, tó bá pọ̀ nínú pọ́ọ̀tù kékeré á ba iyẹ̀pẹ̀ jẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì fín nǹkankan. Ẹjọ́ méjì lẹ kó wá, ẹ sì ń rò ó ní ọ̀kan. Kantíkantí yẹn kọ́ ló ń gún ewé yín. Inú iyẹ̀pẹ̀ tó tutù ló máa ń yé sí, omi àárọ̀ lálẹ́ yẹn lẹ fi ń sìn ín bí ẹni ń sin adìẹ. Ẹ gé pòtétò tútù pẹlẹbẹ, ẹ dà á dé orí iyẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ méjì kí ẹ ṣí i. Tí ẹ bá rí ìdin tín-ín-rín tó funfun tí orí ẹ̀ dúdú, ọmọ kantíkantí nìyẹn. Ẹ dáwọ́ omi dúró, àfi tí ẹ bá ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́ tí ibẹ̀ gbẹ. Ẹ ra káàdì yẹ́lò tó ń lẹ̀ yẹn, ó dà bí atẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ nílé, ẹ gún un mọ́ inú pọ́ọ̀tù. Àwọn àgbà tó ń fò nìkan ló máa mú o, ìdin ṣì wà nísàlẹ̀, gbígbẹ iyẹ̀pẹ̀ ni òògùn gangan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Bọ̀dá Leeds:
Òótọ́ ni. Ó wá ku ti ewé. Ẹ gbé bébà funfun sábẹ́ ewé, ẹ fi ìka lu ewé yẹn, kí ẹ dúró díẹ̀. Tí nǹkan tó dà bí eruku bá bọ́ sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, spider mite ni. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan alántakùn, ibi tó bá gbóná tó sì gbẹ ló ti ń bí sí i, hítà yín ló tọ́ wọn dàgbà.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Yéè! Wọ́n ń rìn o! Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, ó fa ìlà sórí bébà. Mo yí ewé padà, okùn bíi ti alántakùn wà níbi tí ewé ti so mọ́ igi. Látọjọ́ yìí orí ewé ni mo ń wò, n ò wo abẹ́ ẹ̀ rí.

Bọ̀dá Leeds:
Abẹ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sá sí. Ẹ gbé e kúrò lókè hítà lónìí. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù so ẹnu pọ́ọ̀tù kí iyẹ̀pẹ̀ má dà, ẹ gbé e wọ báàfù, ẹ fi ṣáwà fọ abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan. Tó bá gbẹ, ẹ fín ọṣẹ tí wọ́n ń tà fún kòkòrò ara òdòdó, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò ni kí ẹ pò ó. Kì í ṣe ọṣẹ ìfọbọ́ o, èmi lò ó lọ́dún kan, ẹfinrin mi jóná bíi pé mo da omi gbígbóná lé e. Ẹ kọ́kọ́ fi ewé kan dán an wò, ẹ dúró dọjọ́ kejì. Ọṣẹ gbọ́dọ̀ kan ara wọn kó tó pa wọ́n, tó bá ti gbẹ, agbára ẹ̀ tán nìyẹn, kì í sì í pa ẹyin, torí ẹ̀ lẹ fi máa tún un ṣe ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ní òògùn ò jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, kòkòrò ara òdòdó tèmi funfun bí òwú, abíyá ewé ló há sí, ewé ń lẹ̀ bí oyin, tábìlì náà ti ń lẹ̀.

Àǹtí Peckham:
Ìyẹn ni mo mọ̀ ní tèmi o! Mealybug. Ti òwú bọ sípíríìtì, fi kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, má dà á sórí ewé lódindi. Wo etí pọ́ọ̀tù àti abẹ́ ẹ̀ náà. Gbé e jìnnà sí àwọn tó kù, máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, oṣù mẹ́ta ni mo fi bá ti òdòdó orchid mi jà. Tí wọ́n bá ti bò ó pátápátá, jù ú nù jàre. Ohun tó ń lẹ̀ yẹn, ìgbẹ́ wọn ni o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin:
Ìgbẹ́ kẹ̀? Mo ti tọ́ ọ wò!

Ọmọ Èkìtì, Houston:
😂😂😂 Ẹ kú oúnjẹ o.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ọjọ́ kejìdínlógún rèé. Àwọn ewé tó ti bàjẹ́ ò padà bọ̀ sípò, àmọ́ tuntun mẹ́ta ti yọ, wọ́n mọ́ tónítóní. Pòtétò yẹn, ìdin mẹ́rin ni mo bá lábẹ́ ẹ̀, mo pariwo. Káàdì yẹ́lò ti kún, dádì àwọn ìbejì ló wá ń ka òkú inú ẹ̀ láràárọ̀. Mo tún lu ewé sórí bébà lánàá, ẹyọ méjì ṣì rìn, ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo máa fín ọṣẹ di alẹ́ òní nìyẹn.